Ìtàn Ẹgbẹ́ Alájàrà Gbígbẹ ti Ìlú Kingsburg

Kingsburg jẹ́ ìlú kékeré kan ní ìpínlẹ̀ California, ní ìwọ̀-oòrùn orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Nígbà tí ìjọba ka ènìyàn ibẹ̀ ní 2020, díẹ̀ ni wọ́n fi lé ní 12,000. Ibùdó ọkọ̀ ojú irin lásán ni ó jẹ́ tẹ́lẹ̀. Àwọn ará Swídìn tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kó wá síbẹ̀ láti 1886 ni wọ́n sọ ọ́ di ìlú. Títí di òní, àgbá omi gíga tí ó dúró láàárín ìlú náà ni wọ́n ṣe ní ìrísí ìkòkò kọfí, kí àlejò lè mọ ọmọ ẹni tí wọ́n jẹ́.

Síbẹ̀, láti ìlú yìí ni páálí pupa kan ti ń jáde lọ sí ọjà káàkiri ayé. Àwòrán ọmọge kan wà lára páálí náà, ó dé fìlà pupa, ó gbé apẹ̀rẹ̀ èso àjàrà lọ́wọ́, oòrùn sì ń ràn lẹ́yìn rẹ̀. Sun-Maid ni orúkọ tí wọ́n kọ sí i. Ohun tí ó wà nínú rẹ̀ kò ju àjàrà tí a sá gbẹ nínú oòrùn lọ, ohun jíjẹ tí àwọn tí ń ka Bíbélì ti mọ̀ nínú ìtàn Ábígáílì àti Dáfídì. Ṣùgbọ́n ìjà tí àwọn àgbẹ̀ jà lórí èso kékeré yìí kì í ṣe kékeré. Ta ni ó ni irè oko lẹ́yìn tí a bá ti kó o kúrò lórí igi? Ta ni ó sì lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ iye tí a ó tà á? Ìbéèrè méjì yìí ti mú kí aládùúgbò gbógun ti aládùúgbò rẹ̀ lóru, ó sì ti gbé àwọn àgbẹ̀ dé iwájú Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ti Amẹ́ríkà.

Ohun méjì ni ó sọ àgbègbè Fresno, tí Kingsburg wà nínú rẹ̀, di ilẹ̀ àjàrà. Èkínní ni oòrùn. Pẹ̀tẹ́lẹ̀ San Joaquin wà láàárín òkè méjì tí wọ́n gùn lọ gbọọrọ. Láti oṣù Karùn-ún títí di oṣù Kẹsàn-án, òjò kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ rọ̀ níbẹ̀ rárá. Èkejì ni omi odò Kings, tí ń ṣàn wá láti orí òkè Sierra Nevada níbi tí yìnyín ti ń yọ́. Ní àwọn ọdún 1870 ni wọ́n gbẹ́ ipa omi láti inú odò náà wọ inú oko. Ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin sì ti dá ibùdó Fresno sílẹ̀ ní 1872, nítorí náà, bí èso bá ti wà, ọ̀nà àtigbé e dé ìlú àwọn tí yóò jẹ ẹ́ wà pẹ̀lú.

Bí wọ́n ti ń ṣe é kò lè ṣàjèjì sí ẹni tí ó bá ti rí ibi tí wọ́n ti ń sá èlùbọ́ tàbí kòkó. Ní ìparí oṣù Kẹjọ, nígbà tí adùn bá ti kún inú èso, wọn a gé ṣírí àjàrà, wọn a tẹ́ ẹ sórí àtẹ láàárín igi àjàrà sí igi àjàrà. Pákó ni wọ́n fi ń ṣe àtẹ náà láyé àtijọ́; bébà ni wọ́n wá ń lò nígbẹ̀yìn. Wọn a fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta, wọn a sì yí i padà kí ẹ̀gbẹ́ kejì lè gbẹ. Àjàrà tútù tí ó tó ìwọ̀n pọ́n-ùn 4, tàbí tí ó jù bẹ́ẹ̀ lọ, ni yóò gbẹ kí pọ́n-ùn 1 tó kù. Kò sí iná níbẹ̀, kò sí ẹ̀rọ. Oòrùn nìkan ni. Ìdí nìyí tí àgbẹ̀ alájàrà fi ń bẹ̀rù kùrukùru oṣù Kẹsàn-án ju bí ó ti ń bẹ̀rù olè lọ. Òjò ọjọ́ kan tí ó bá bá èso lórí àtẹ lè sọ iṣẹ́ odindi ọdún di ìdọ̀tí.

Ìtàn kan wà tí àwọn ará ibẹ̀ máa ń sọ nípa bí òwò náà ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní ní 1873, ooru mú gan-an tó bẹ́ẹ̀ tí àjàrà fi gbẹ lórí igi kí wọ́n tó rí i ká. Àgbẹ̀ kan kò fẹ́ kí gbogbo rẹ̀ ṣòfò, ó sì kó o lọ bá oníṣòwò kan ní San Francisco. Ó ṣẹlẹ̀ pé ọkọ̀ ojú omi kan ṣẹ̀ṣẹ̀ gúnlẹ̀ láti Pẹ́rù, ni oníṣòwò náà bá ń polówó èso gbígbẹ náà pé oúnjẹ aládùn láti Pẹ́rù ni. Àwọn ènìyàn rà á, wọ́n sì tún béèrè òmíràn. Bóyá bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó rí, bóyá àwọn oníròyìn ti fi iyọ̀ díẹ̀ sí i, ohun tí ó dájú ni pé kò pẹ́ tí àgbègbè Fresno fi kún fún ọgbà àjàrà. Kí ọ̀rúndún kọkàndínlógún tó parí, California ti ń pèsè àjàrà gbígbẹ ju Sípéènì, tí ó ti ń tà á fún ayé tẹ́lẹ̀ rí.

Àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe iṣẹ́ náà kì í ṣe irú ènìyàn kan náà. Ní 1878, olùkọ́ obìnrin kan tí ń jẹ́ Minnie Austin àti àwọn olùkọ́ obìnrin mẹ́ta ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi owó tí wọ́n fi pamọ́ ra ilẹ̀ nítòsí Fresno. Wọ́n gbin àjàrà, wọ́n ń sá a, wọ́n ń dì í sínú àpótí fúnra wọn, wọ́n sì ń tà á pẹ̀lú orúkọ Austin lára rẹ̀. Ní 1881, àwọn ọmọ ìyá kan láti ilẹ̀ Armenia, tí wọ́n ń jẹ́ Seropian, dé sí Fresno. Wọ́n wà lára àwọn tí wọ́n dá ibi ìdì èso gbígbẹ sílẹ̀ nígbà tí ó yá. Àwọn ará Armenia mìíràn tẹ̀ lé wọn, pàápàá nígbà tí ìpakúpa bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ wọn lábẹ́ ìjọba Tọ́kì. Àwọn ará Ṣáínà àti Jàpáànì ni wọ́n pọ̀ jù nínú àwọn alágbàṣe tí ń gé èso. Ní apá òkè California, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, William Thompson, ti gbin ẹ̀ka irú àjàrà kan tí kò ní kóró ní 1872. Irú tirẹ̀ yìí ni ó wá borí àjàrà oníkóró tí wọ́n ń gbìn tẹ́lẹ̀, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n sì fi ń pè é di òní.

Ìṣòro tí ó dé bá àwọn àgbẹ̀ kò ti inú ilẹ̀ wá. Ọwọ́ àwọn alágbàtà ni ó ti wá. Àgbẹ̀ ní oko, kò ní ibi ìdì èso, kò sì mọ ẹni tí yóò rà á ní New York tàbí Chicago. Alágbàtà ni ó ní ilé ńlá tí ẹ̀rọ wà, tí ó mọ ọ̀nà. Ṣùgbọ́n kò ní ra èso lọ́wọ́ àgbẹ̀. Yóò gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ láìsanwó, yóò dì í, yóò fi ránṣẹ́ sí ìlà-oòrùn, yóò tà á ní iye tí ó bá wù ú tàbí iye tí ọjà bá gbà. Lẹ́yìn èyí ni yóò yọ owó ìdì, owó ọkọ̀ ojú irin, àti èrè tirẹ̀, kí ó tó fi èyí tí ó kù ránṣẹ́ sí ẹni tí ó gbin nǹkan. Bí ọjà bá kú, òfò náà kò kan alágbàtà rárá, nítorí nǹkan náà kì í ṣe tirẹ̀. Ní àárín àwọn ọdún 1890, tí ọrọ̀ ajé Amẹ́ríkà dẹnu kọlẹ̀, pọ́n-ùn àjàrà gbígbẹ kan kò tó sẹ́ǹtì 2 mọ́ fún àgbẹ̀. Àwọn kan retí owó, ìwé tí a fi tàdáwà pupa kọ ni wọ́n rí gbà: wọ́n ti kó èso ọdún kan lọ, wọ́n tún wá jẹ gbèsè. Àgbẹ̀ mìíràn hú igi àjàrà rẹ̀, ó fi dáná.

Ẹni àkọ́kọ́ tí ó gbìyànjú láti kó wọn jọ ni M. Theo Kearney, ọlọ́rọ̀ kan tí a bí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1898 ni ó dá ẹgbẹ́ alájàrà California sílẹ̀, ẹgbẹ́ náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gba gbogbo èso àgbègbè náà sí ọwọ́ kan. Owó àjàrà gbé pẹ́ẹ́lí sí i. Ṣùgbọ́n Kearney jẹ́ agbéraga, kò gba ìmọ̀ràn, kò sì fi ojú ènìyàn wo àwọn àgbẹ̀ kékeré. Láìpẹ́ ọdún, àwọn alágbàtà rí àlàfo wọ̀ láàárín wọn, ẹgbẹ́ náà sì fọ́. Kearney kú sínú ọkọ̀ ojú omi ní 1906 nígbà tí ó ń lọ sí Yúróòpù. Kò ní ìyàwó, kò ní ọmọ. Yunifásítì California ni ó fi ilẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ fún.

Àwọn tí wọ́n tún un ṣe ní 1912 ti kọ́gbọ́n lára èyí. Wọ́n rí i pé ìpàdé àti ìbúra kò tó. Ẹgbẹ́ tí kò bá ní owó kò lè bá olówó jà. Nítorí náà, ilé-iṣẹ́ gan-an ni wọ́n dá sílẹ̀ ní Fresno, California Associated Raisin Company, tí ó ní ìpín ìdókòwò tí a lè rà. Owó tí wọ́n fẹ́ kó jọ jẹ́ mílíọ̀nù dọ́là kan. Kì í ṣe àgbẹ̀ nìkan ni ó ra ìpín náà: àwọn onílé-ìfowópamọ́, àwọn onítajà, gbogbo ẹni tí ó mọ̀ pé bí àgbẹ̀ kò bá rówó kò sí ẹni tí yóò ra ọjà òun, ni wọ́n rà á. Wọ́n ti ilé ìtajà ní Fresno kí gbogbo ènìyàn lè jáde lọ bá àwọn àgbẹ̀ tọwọ́ bọ̀wé. Ní ìdajì ọdún 1913, nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin gbogbo oko àjàrà náà ni ó ti wà lábẹ́ àdéhùn. Àgbẹ̀ yóò kó èso rẹ̀ fún ilé-iṣẹ́ náà fún iye ọdún tí a dá, ilé-iṣẹ́ náà ni yóò sì bá ọjà sọ̀rọ̀. Àwọn 25 ni wọ́n fi àṣẹ ìdìbò gbogbo onípìn-ín lé lọ́wọ́, kí ẹnikẹ́ni má baà lè ra ilé-iṣẹ́ náà mọ́ wọn lọ́wọ́. Bí ó ti dára tó, ó túmọ̀ sí pé agbára púpọ̀ wà lọ́wọ́ ènìyàn díẹ̀.

Ní 1915 ni wọ́n rí orúkọ àti àwòrán tí wọ́n ń lò di òní. Orúkọ náà jẹ́ eré èdè. Bí a bá pè é lẹ́nu, ó lè jẹ́ "ohun tí oòrùn ṣe". Bí a bá kà á bí wọ́n ti kọ ọ́, "ọmọge oòrùn" ni. Ọmọge náà kì í ṣe àrọ́sọ. Lorraine Collett ni orúkọ rẹ̀, ó sì wà lára àwọn ọmọbìnrin tí ilé-iṣẹ́ náà gbà láti máa pín àjàrà gbígbẹ fún àwọn ènìyàn ní Àfihàn Àgbáyé ti San Francisco lọ́dún náà. Fìlà búlúù ni wọ́n fún gbogbo wọn. Ní ọjọ́ kan, ó fọ irun rẹ̀, ó jókòó sí ẹ̀yìn ilé wọn ní Fresno kí oòrùn lè gbẹ ẹ́, ó sì dé fìlà pupa ìyá rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá ilé-iṣẹ́ náà rí i bẹ́ẹ̀, ó sì sọ pé bí ó ti yẹ kí ó rí gan-an nìyí. Wọ́n mú un lọ bá obìnrin ayàwòrán kan, Fanny Scafford, ní San Francisco, ẹni tí ó yà á sórí bébà. Àwòrán náà wọ ara páálí, páálí náà sì wọ ilé oúnjẹ. Collett pẹ́ láyé. Ní 1983 ni ó kú. Fìlà pupa náà wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Smithsonian ní Washington láti 1988.

Ṣùgbọ́n bí ọmọge náà ti ń rẹ́rìn-ín lójú páálí, ohun mìíràn ń ṣẹlẹ̀ nínú oko, ibí yìí ni ìtàn náà sì ti korò. Ìṣirò rẹ̀ kò le. Bí ẹgbẹ́ bá fẹ́ kí owó ọjà ga, ó di dandan kí ó dá díẹ̀ nínú èso dúró, kí ọjà má baà kún àkúnjù. Ẹni tí ó wà nínú ẹgbẹ́ ni yóò dá tirẹ̀ dúró. Ẹni tí kò sí nínú ẹgbẹ́ kò ní dá nǹkan kan dúró. Yóò ta gbogbo tirẹ̀ ní owó gíga tí àwọn yòókù fi sùúrù wọn rà. Bí irú wọn bá pọ̀, ẹgbẹ́ yóò tú. Nítorí náà, àwọn tí wọ́n ti tọwọ́ bọ̀wé bẹ̀rẹ̀ sí í wo ẹni tí kò tọwọ́ bọ̀wé bí ọ̀dàlẹ̀.

Ní ìparí àwọn ọdún 1910 àti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1920, nígbàkígbà tí àkókò àtiṣe àdéhùn tuntun bá dé, àwọn ènìyàn a kó ara wọn jọ lóru, wọn a lọ sí ilé ẹni tí ó kọ̀. Agẹṣin òru ni wọ́n ń pè wọ́n, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé mọ́tò ni púpọ̀ nínú wọn ń wọ̀. Wọn a yí ilé ká, wọn a gbé ìwé àdéhùn síwájú baálé ilé níwájú aya àti ọmọ rẹ̀. Bí ó bá ṣì kọ̀, wọn a lù ú, tàbí kí wọ́n rì í bọ inú ipa omi tí ń bomi rin oko. Wọ́n gé igi àjàrà àwọn kan lulẹ̀, igi tí ó gba ọdún púpọ̀ kí ó tó dàgbà. Àwọn ará Armenia àti Jàpáànì ni ọwọ́ wọn máa ń kọ́kọ́ bà. Kò yani lẹ́nu. Òfin ilẹ̀ California ti 1913 ti ka ará Jàpáànì mọ́ àwọn tí kò gbọdọ̀ ra ilẹ̀ oko, nítorí náà ẹni tí ó bá rìn ní òru lọ bá a mọ̀ pé ọlọ́pàá kò ní yára dé. Àwọn olórí ilé-iṣẹ́ náà sọ pé àwọn kò rán ẹnikẹ́ni. Ó lè jẹ́ òótọ́. Ṣùgbọ́n ìwé àdéhùn tí a fi ẹ̀rù gbà, inú àpótí ilé-iṣẹ́ náà ni ó ń bọ́ sí, wọn kò sì dá a padà.

Kì í ṣe pé ará Armenia tí kò tọwọ́ bọ̀wé jẹ́ ọ̀tá àjùmọ̀ṣe. Ẹni tí ó ti sá kúrò ní ilẹ̀ tí ìjọba ti gba ilé lọ́wọ́ bàbá rẹ̀ kì í fẹ́ fi oko rẹ̀ sábẹ́ ìwé tí kò lè kà. Bẹ́ẹ̀ ni, nínú gbogbo ariwo ẹgbẹ́ yìí, kò sí ẹni tí ó béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ àwọn alágbàṣe, ará Jàpáànì àti ará Mẹ́síkò, tí wọ́n ń kúnlẹ̀ sínú iyanrìn gbígbóná tẹ́ àjàrà sórí àtẹ, tí wọ́n ń gba owó lórí àtẹ kọ̀ọ̀kan. Ẹgbẹ́ onílẹ̀ ni, kì í ṣe ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ oko.

Nígbà tí ó fi di 1920, nínú àpótí àjàrà 10 tí ó jáde ní California, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé 9 ni ó gba ọwọ́ ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo yìí kọjá. Owó ọjà ti ga ju ìlọ́po mẹ́ta ohun tí ó wà kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Ìjọba àpapọ̀ pè wọ́n lẹ́jọ́ ní ọdún náà pé wọ́n ti gba ọjà mọ́ gbogbo ènìyàn lọ́wọ́, èyí tí ó lòdì sí òfin. Ẹjọ́ náà parí ní ìfohùnṣọ̀kan ní 1922. Ní ọdún kan náà ni ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Washington ṣe òfin Capper-Volstead, tí ó gba àwọn àgbẹ̀ láyè láti para pọ̀ ta irè oko wọn. Ilé-iṣẹ́ náà yí orúkọ rẹ̀ padà sí Sun-Maid Raisin Growers, wọ́n sì tún un tò gẹ́gẹ́ bí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tí àgbẹ̀ nìkan lè jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀.

Òfin kọ́ ni ó dá wọn lẹ́kun, owó gíga náà gan-an ni. Nígbà tí àjàrà di wúrà, ẹni tí ó ní alikámà hú u, ó gbin àjàrà. Ẹni tí kò ní ilẹ̀ yá owó, ó ra ilẹ̀ ní iye tí kò bọ́gbọ́n mu. Igi àjàrà kì í so lọ́dún tí a gbìn ín. Gbogbo èyí tí wọ́n gbìn nínú ayọ̀ dé ọjà lẹ́ẹ̀kan náà, ní 1922 àti 1923, owó sì já wá sílẹ̀ bí ìgbà tí okùn bá já. Sun-Maid ṣe páálí kékeré olówó sẹ́ǹtì 5, ó ná owó rẹpẹtẹ lórí ìpolówó nínú ìwé ìròyìn pé àjàrà gbígbẹ ń fún ẹ̀jẹ̀ lókun. Èyí kò tó. Gbèsè ilé-ìfowópamọ́ wọ̀ wọ́n lọ́rùn, àwọn tí wọ́n fi ipá mú wọ inú ẹgbẹ́ sì ni wọ́n kọ́kọ́ jáde.

Láti ìgbà náà, ohun tí ẹgbẹ́ kò lè fi ipá ṣe, ìjọba ni ó gbà á ṣe. Ní 1940, lábẹ́ òfin tí ìpínlẹ̀ California ti ṣe ní 1933, ìjọba pàṣẹ pé nínú èso àgbẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ìpín 30 péré nínú 100 ni ó lè tà bí ó bá ti wù ú. Ìyókù yóò lọ sí ọwọ́ ìgbìmọ̀. Alájàrà kan tí ń jẹ́ Brown, tí òun náà ń di èso, gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ilé-ẹjọ́. Ní 1943, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ dá ìpínlẹ̀ California láre. Ogun Àgbáyé Kejì ń lọ lọ́wọ́ nígbà náà, ìjọba sì ń ra àjàrà fún àwọn ọmọ ogun. Àwọn alájàrà tí wọ́n jẹ́ ọmọ Jàpáànì kò sí nínú oko mọ́, nítorí pé ìjọba ti kó wọn lọ sí àgọ́ ní 1942. Ní 1949 ni ìjọba àpapọ̀ wá gbé ìlànà tirẹ̀ kalẹ̀. Ìgbìmọ̀ kan, tí àgbẹ̀ pọ̀ jù nínú rẹ̀, ni yóò máa sọ lọ́dọọdún iye èso tí a ó yà sọ́tọ̀. Èyí tí a yà sọ́tọ̀ yóò lọ sí ilẹ̀ òkèèrè tàbí sí oúnjẹ àwọn ọmọ ilé-ìwé, àgbẹ̀ yóò sì gba ohun tí ó bá ṣẹ́ kù lẹ́yìn ìnáwó. Àwọn tí wọ́n rántí bọ́ọ̀dù tí ń ra kòkó ní Nàìjíríà, kí ìjọba tó fòpin sí i ní 1986, kò nílò àlàyé púpọ̀ lórí "ohun tí ó bá ṣẹ́ kù".

Ní 1964 ni Sun-Maid kó kúrò ní ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ní Fresno lọ sí Kingsburg, sínú ilé tuntun tí ó tóbi ju ọ̀pọ̀ àdúgbò ìlú náà lọ. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gbọn èso, tí wọ́n ń yọ ìdí rẹ̀, tí wọ́n ń fọ̀ ọ́, tí wọ́n ń ṣà á, tí wọ́n sì ń dì í. Ìlú Selma tí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ wọn ń pe ara rẹ̀ ní olú-ìlú àjàrà gbígbẹ fún gbogbo ayé. Àwọn ará Kingsburg kò bá wọn jiyàn, wọ́n ní ilé-iṣẹ́ náà. Òjò oṣù Kẹsàn-án bá èso lórí àtẹ ní 1976, ó tún bá a ní 1978, ó sì ba èyí tí ó pọ̀ jẹ́. Ní 1992, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì Fresno kan páálí àjàrà kan tí ó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 12, wọ́n da pọ́n-ùn 16,500 sínú rẹ̀. Ó wà ní Kingsburg fún àwọn tí ń bọ̀ wá wòran.

Ìbéèrè àtijọ́ náà kò tíì sùn. Ní ìlú Kerman, tí kò jìnnà sí Fresno, ọkùnrin kan àti aya rẹ̀, Marvin àti Laura Horne, ti ń gbin àjàrà fún ọdún púpọ̀. Ní àkókò 2002 sí 2003, ìgbìmọ̀ ní kí àgbẹ̀ yọ ìpín 47 nínú 100 sílẹ̀. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, ìpín 30. Owó tí àgbẹ̀ rí lórí ti ọdún àkọ́kọ́ kò tó ohun tí ó ná sí i, kò sì rí kọ́bọ̀ lórí ti èkejì. Tọkọtaya náà kọ̀. Wọ́n ra ẹ̀rọ, wọ́n ń di èso tiwọn fúnra wọn. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ní aago mẹ́jọ, ọkọ̀ akẹ́rù ìjọba dé ẹnu ọ̀nà wọn láti kó àjàrà. Wọn kò ṣílẹ̀kùn. Ìjọba bu owó èso náà lé wọn, nǹkan bí 480,000 dọ́là, ó tún fi ìtanràn tí ó lé ní 200,000 dọ́là kún un.

Ẹjọ́ náà dé Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ lẹ́ẹ̀mejì. Ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹfà ọdún 2015, adájọ́ 8 nínú 9 gbà pé bí ìjọba bá fẹ́ gba irè oko lọ́wọ́ àgbẹ̀, ó gbọ́dọ̀ san owó rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ó ti gbọ́dọ̀ ṣe bí ó bá gba ilẹ̀ rẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ mìíràn ní àgbègbè náà kò yọ̀. Wọ́n ní àwọn ti yọ ìpín tiwọn sílẹ̀ ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, àti pé lórí ẹ̀yìn àwọn ni àwọn Horne ti ta tiwọn ní owó tí ó dára. Ọ̀rọ̀ yìí kan náà ni àwọn baba wọn ti sọ ní 1920, kí wọ́n tó gbé ìwé àdéhùn jáde lóru. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé lọ́tẹ̀ yìí, níwájú adájọ́ ni wọ́n ti sọ ọ́.

Sun-Maid ṣì jẹ́ ti àwọn àgbẹ̀, ó sì ṣì ń di àjàrà ní Kingsburg. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ oko tí ó yí i ká ti di oko álímọ́ńdì, tí kò bẹ̀rù òjò tó àjàrà, tí ẹ̀rọ sì ń gbọn èso rẹ̀ sílẹ̀ láìsí ọ̀pọ̀ alágbàṣe. Tọ́kì ti gba ipò kìn-ín-ní lọ́wọ́ California. Àwọn tí wọ́n ṣì ń gbin àjàrà ti ń fi àtẹ bébà sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, nítorí àtirí ẹni tí yóò kúnlẹ̀ sínú iyanrìn oṣù Kẹjọ kò rọrùn mọ́. Wọ́n ń gbin irú tuntun tí ó tètè ń gbó, irú bí Selma Pete tí ó jáde ní 2001. Wọn a gé ẹ̀ka tí ṣírí so lé, wọn a fi í sílẹ̀ kí ó gbẹ lórí igi, lẹ́yìn náà ni ẹ̀rọ yóò wá gbọ̀n ọ́n, bí ẹni pé ooru ọdún 1873 ni ó tún padà wá.